Ìgò Tó Yí Lọ Níwájú Ìyá Dúró

Bí ẹ bá rí bàbá kan ní Ọ̀yọ́ tó ń fi ẹ̀yìn ìka gbá ògiri ilé onílé, tó tún ń fetí sí i bíi dókítà tó ń gbọ́ àyà ọmọ, ẹ má pe ọlọ́pàá. Èmi ni. Mo ti gbá ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti gbá ògiri báńkì títí tí séékúríìtì fi ní kí n jáde. Lọ́jọ́ tí a lọ tọrọ ìyàwó fún ọmọ mi ọkùnrin, mo gbá ògiri pálọ̀ àwọn àna wa. Ìyàwó mi fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ àga. "Bàbá Bọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó la wá tọrọ o, a ò wá ra ilé."

Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ṣe bíríkìlà. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, tàbí kí n kúkú sọ pé ẹ̀yìn mi ló kọ́kọ́ kọ iṣẹ́ sílẹ̀, èmi wá tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ àdúgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tán níléèwé máa ń wá bá mi pé, "Bàbá, ṣé iṣẹ́ yìí dáa?" Ó dáa. Màá sọ bó ṣe rí fún yín látìbẹ̀rẹ̀, màá sì sọ ibi tó ń tì mí lójú níbẹ̀, torí bí mo bá sọ èyí tó dùn nìkan, mo ti tún pa irọ́ kún èyí tí mo ti pa nílẹ̀.

Ìwé mẹ́wàá lèmi náà kà. Ẹ jẹ́ n tún un sọ dáadáa: mo jókòó sínú kíláàsì náà ni. Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, ìṣirò mi burú débi pé tíṣà wa bi mí bóyá ara mi ò yá lọ́jọ́ náà. Bàbá mi wo pépà yẹn, wọ́n wo orí mi, wọ́n ní, "Gbàdé, orí yìí, ó jọ pé torí kó lè máa gbé páànù sìmẹ́ńtì ni Ọlọ́run ṣe dá a." Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n mú mi lọ bá Ọ̀gá Sàlámì, bíríkìlà kan tó ń gbé lẹ́yìn ààfin. Ohun tí wọ́n ń fún mi lóòjọ́ ò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Ọ̀gá Sàlámì kì í na èèyàn, wọn kì í bú èèyàn. Wọ́n á kàn wó ògiri tó o bá mọ ni. Ògiri àkọ́kọ́ tí mo dá mọ, àárọ̀ títí dé àkókò ìrun àìlà ni mo fi mọ ọ́, mo sì ń rò ó pé tí wọ́n bá rí i, wọ́n á pe àwọn aládùúgbò wá wò ó. Wọ́n kírun tán, wọ́n dé, wọ́n fi okùn tó ní irin nídìí wọ̀n ọ́n. Wọ́n fi ẹsẹ̀ tì í. Ó wó lulẹ̀ gbì. "Tún un mọ." Mo tún un mọ. Wọ́n tún tì í. Nígbà kẹta, bí mo ṣe rí i pé wọ́n ń bọ̀ lókèèrè, èmi fúnra mi ni mo tì í kí wọ́n tó dé. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí eyín wọn.

Ohun méjì tí wọ́n kọ́ mi tí mi ò rí lọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn rèé. Àkọ́kọ́, wọ́n á ní kí n di ojú, kí n máa fi ẹ̀yìn ìka gbá ògiri lọ, kí n máa sọ ibi tó kún àti ibi tó ṣófo. Ibi tó kún ń dún bí àpò gàrí, ibi tó ṣófo ń dún bí agbè. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń fi orí gbá ògiri dípò ìka, torí tí èèyàn bá di ojú, kì í mọ ibi tí ògiri ti bẹ̀rẹ̀. Èkejì, tí a bá ti fi sìmẹ́ńtì sí ilẹ̀ yàrá tó sì ti gbẹ, wọ́n á mú ìgò mínírà òfìfo, wọ́n á tẹ́ ẹ sáàárín yàrá. Tí ìgò bá dúró síbi tó wà, a lè lọ jẹun. Tó bá yí, wọ́n á máa tẹ̀ lé e lọ títí á fi dúró, wọ́n á wá fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. "Ibí yìí ń rì. Ẹ tú u."

Onílé máa ń bínú nígbà míì. Ọ̀gá mi á ní, "Ìgò ò mọ ẹni tó ni ilé, Àlàájì. Ẹ má bínú sí i."

Mo lo ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ wọn kí n tó gba fìríídọ̀mù. Lọ́jọ́ náà, a kúnlẹ̀ níwájú àwọn àgbà bíríkìlà, ọ̀gá gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní kí n búra bí gbogbo wa ṣe ń búra: pé mi ò ní ba iṣẹ́ ọ̀gá mi jẹ́. Mo búra ẹ̀ ketekete. Ohun tí èmi gbọ́ níbẹ̀ ni pé níbikíbi tí mo bá ti rí iṣẹ́ Ọ̀gá Sàlámì, ẹnu mi ò gbọ́dọ̀ sọ nǹkan tí kò dáa sí i títí tí mo fi máa kú. Ẹni tó gba òdo nínú ìṣirò tún lè gba òdo nínú ìbúra.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo fẹ́, mo bá kó lọ síbẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti ṣe iṣẹ́ jù. Nígbà tí mo dé, ilé alámọ̀ ṣì pọ̀ lọ́nà Ìrẹ̀sà. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń ṣe ni pé ká rẹ́ ilé alámọ̀ ní sìmẹ́ńtì kó lè jọ ilé ọlọ́lá. Ọwọ́ la fi ń po yanrìn nígbà yẹn, ọwọ́ la fi ń tẹ búlọ́ọ̀kù nínú àpótí igi. Ẹ̀rọ tó ń po nǹkan dé lẹ́yìn náà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo lò ó, mi ò mọ̀ pé wọ́n máa ń dá omi dúró. Mo po omi ẹ̀kọ fún wọn, àwọn lébìrà ní ṣúgà ló kù. Báyìí, àwọn ọmọ yín ń gbé fóònù lé ògiri, fóònù á sì sọ fún wọn bóyá ó dúró ṣánṣán. Mo gbìyànjú ẹ̀ lọ́jọ́sí, fóònù mi ní ògiri náà ti dùbúlẹ̀. Mo ti dojú ẹ̀ kodò ni.

Díẹ̀díẹ̀, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí kí n bá wọn wo ilé tí wọ́n fẹ́ rà. Kò wọ́pọ̀ nígbà yẹn. Ẹlòmíì á wo ojú ilé, á wo ọ̀dà, á béèrè bóyá omi ń bẹ ní kànga, ó tán. Èmi á wọlé, màá gbá ògiri, màá gun àjà, màá tẹ́ ìgò. Mo lórúkọ níbẹ̀. Wọ́n ń pè mí ní Dókítà Ilé. Mo sì ń jẹ́ ẹ, ojú ò tì mí.

Ibi tí mo ń lọ la dé yìí.

Ìyá Dúró ń ta ẹ̀wà ní Sábó. Ìjọ Aládùúrà kan náà la jọ ń lọ, wọ́n fi bí ọdún méje jù mí lọ. Láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú ni wọ́n ti ń háyà yàrá kiri, láńlọ́ọ̀dù mẹ́ta ló ti lé wọn jáde. Tí wọ́n bá ní kí kálukú sọ ohun tó ń tọrọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohun kan náà ni wọ́n máa ń sọ lọ́dọọdún: "Olúwa, má jẹ́ n kú sílé onílé." Nígbà tó yá, wọ́n rí ilé kan lọ́nà Ìrẹ̀sà, yàrá mẹ́ta àti pálọ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ mú mi lọ wò ó.

Àbúrò wọn kan, Láyí, kò rí ìdí ẹ̀. Níwájú mi ló ti ń sọ ọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ilé tó dúró, tó ní páànù, tó ní ilẹ̀kùn, kí ni bíríkìlà tún fẹ́ wò lára ẹ̀? Ṣé ó fẹ́ bi ilé náà lóókọ ni?"

Ìyá Dúró ní, "Láyí, tí mo bá fẹ́ ra ẹ̀wà àpò kan péré, mo máa ń ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀. Ṣé ilé ni mo wá fẹ́ máa fojú rà?"

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Obìnrin yìí ṣe ohun tó yẹ kó ṣe. Èmi ni mi ò ṣe tèmi.

A dé ilé náà, ẹni tí mo rí tó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Ọ̀gá Sàlámì. Irùngbọ̀n wọn ti funfun. Àwọn ni wọ́n kọ́ ilé náà. Jímọ̀ọ́ tó fẹ́ tà á ni ọkọ ọmọ wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun taṣọ funfun mi. Wọ́n ní, "Gbàdé, dìde, ṣe iṣẹ́ tó o wá ṣe."

Mo gbá ògiri pálọ̀, ó kún. Mo gbá ti yàrá méjì, ó kún. Bí mo ṣe ń gbá a, mo ń bojú wẹ̀yìn wò wọ́n, bí ọmọ tó ń ka ìwé níwájú tíṣà. A dé yàrá ẹ̀yìn. Ọ̀dà ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ, ti ògiri kan ṣoṣo, àwọn tó kù ti pẹ́. Wọ́n gbé kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan dí igun ògiri yẹn. Ọ̀gá mi ní kí wọ́n gbé àga wá fún àwọn, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Jímọ̀ọ́ gbé mínírà fún mi. Mo mu ún tán, mo gbé ìgò kalẹ̀, ẹsẹ̀ mi kàn án, ó ṣubú.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Gbirigbiri, gbirigbiri, jẹ́jẹ́ báyìí, bí ẹni tó mọ ọ̀nà. Ó kọjá àárín yàrá, ó wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, a gbọ́ tó kan ògiri.

Ọ̀gá mi wo abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n wá wò mí. Èmi náà wò wọ́n. Mo mọ̀. Kò sí iyèméjì kankan níbẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, mo mọ̀ pé igun yẹn ń rì.

Ìyá Dúró ní, "Gbàdé, kí ló dé tí ìgò yẹn ń sáré?"

Mo la ẹnu. Mo rántí ìbúra mi. Mo rò ó pé báwo ni màá ṣe dúró níwájú ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ kí n sọ pé ilé wọn ń wó. Ohun tó sì jáde lẹ́nu mi ni, "Ó gbọ́ pé ẹ ń bọ̀ ni mà, ó ń lọ gba àyè sílẹ̀ de àpò ẹ̀wà yín."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Láyí rẹ́rìn-ín, Jímọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín jù ú lọ. Ìyá Dúró rín in títí wọ́n fi ń fi etí gèlè nu ojú. Ọ̀gá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tẹ orí ba. Mo rò ó pé inú wọn dùn sí bí mo ṣe bọ̀wọ̀ fún wọn ni. Mi ò ní kí wọ́n sún kọ́bọ́ọ̀dù. Mi ò gbá ògiri yẹn. Mo ní, "Ilé yìí dáa mà." Dókítà Ilé ti sọ̀rọ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni Ìyá Dúró sanwó tí wọ́n sì kó wọlé. Ilé náà dúró títí òjò fi dé. Nígbà tí òjò wá rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta léra, ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, Ìyá Dúró wọ yàrá ẹ̀yìn lọ bu ẹ̀wà. Ilẹ̀ là lábẹ́ wọn. Igun yẹn wọlẹ̀ lọ, ògiri sì ya lé wọn lẹ́sẹ̀. Àwọn aládùúgbò ló fi ọwọ́ hú wọn jáde. Ṣáláńgá àtijọ́ ló wà níbẹ̀, wọ́n kàn da yẹ̀pẹ̀ lé e ni kí wọ́n tó mọlé sórí ẹ̀.

Mo lọ kí wọn ní ọsibítù. Wọ́n ti gbé ẹsẹ̀ wọn kọ́. Ìyá Dúró ní, "Gbàdé, ìgò ọjọ́sí yẹn."

Mo ní, "Ìgò wo, mà?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, mo mọ̀ pé ẹ lè dárí ti àkọ́kọ́ jì mí. Èyí ni mi ò lè dárí ẹ̀ ji ara mi. Wọ́n di ojú, wọ́n ní, "Kò burú. Máa lọlé."

Ọkọ̀ Ọ̀yọ́ ni mo wọ̀ láti ibẹ̀. Inú ń bí mi sí Ọ̀gá Sàlámì; mo ti to gbogbo ohun tí màá sọ lẹ́sẹẹsẹ. Mo bá wọn lórí ẹní ìrun. Gbogbo ohun tí mo tò fò lọ, mo dọ̀bálẹ̀. Ohun tí mo rí sọ ni, "Bàbá, ẹ mọ̀ pé ṣáláńgá wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀. Mo ní kí Jímọ̀ọ́ jẹ́ ká hú u, ká da òkúta sí i, ó ní ó máa pẹ́ jù. Mo gbà fún un torí ọmọ mi tó wà lọ́dẹ̀dẹ̀ ẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nìyẹn." Wọ́n kọjú sí mi. "Ṣé ìwọ rí ìgò?"

"Mo rí i, sà."

"Kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀?"

"Mo búra pé mi ò ní ba iṣẹ́ yín jẹ́."

Wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe ń wo ògiri tó wọ́. "Gbàdé, kí lo rò pé mo gbé àga wá síbẹ̀ ṣe? Tí mo bá fẹ́ fi í pamọ́, ṣé ọjọ́ tó o fẹ́ yẹ ilé náà wò ni màá wọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ wá jókòó tì ọ́? Ẹnu mi ò lè sọ ọ́ níwájú àna mi. Mo ní ọmọ tí mo kọ́ ń bọ̀, ẹnu ẹ̀ kì í sinmi, á sọ ọ́. Láàárín gbogbo ọ̀rọ̀ tó o máa ń sọ, ọ̀kan ṣoṣo ni mo wá gbọ́. Àwàdà lo ṣe." Ohùn wọn rẹlẹ̀. "Iṣẹ́ tí mo kọ́ ẹ gan-an lo bà jẹ́ yẹn."

Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń ti ògiri mi ṣubú, kò dùn mí tó èyí.

Mo padà sí ọsibítù láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sọ gbogbo ẹ̀ láì fi ẹ̀rín kankan sí i. Ìyá Dúró ní, "Mo ti mọ̀ látìgbà tó o ti bi mí pé ìgò wo." Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Ẹ̀rín tí mo rín ló ń dùn mí jù. O jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín sí ohun tó máa ṣẹ́ mi lẹ́sẹ̀, Gbàdé."

A tún yàrá náà kọ́. Mo hú ṣáláńgá yẹn pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, a da òkúta sí i láti ìsàlẹ̀ wá. Sìmẹ́ńtì àti irin, Jímọ̀ọ́ ló gbé e wá, torí ọ̀gá mi lọ jókòó sí pálọ̀ ẹ̀ fún ọjọ́ méjì, wọn ò jẹ, wọn ò mu, wọ́n ń wò ó. Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, wọ́n fi ọ̀pá tilẹ̀ wọlé, wọ́n gbá ògiri yẹn láti igun dé igun, wọ́n tẹ́ ìgò. Ó dúró. Wọn ò kí mi kú iṣẹ́. Wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn pe kẹ̀kẹ́. Wọn ò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi kú. Ìyá Dúró ń gbé ilé wọn, wọ́n ń tiro.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ilé, ẹ mú ẹni tó mọ̀ ọ́n dání kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ má gbọ́ ti àwọn Láyí. Ẹ lọ nígbà òjò tó bá ṣeé ṣe, ẹ ní kí wọ́n sún kọ́bọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tẹ́ ẹ mú dání pé, "Ta lo máa dọ̀bálẹ̀ fún nílé yẹn?" Tó bá dárúkọ ẹnì kan, ẹ wá ẹlòmíì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì fẹ́ kọ́ṣẹ́, ẹ wá. Òkúta ò ní pa yín, sìmẹ́ńtì ò ní pa yín. Apá ibi tó le nínú iṣẹ́ náà, ẹnu la fi ń ṣe é.

Mo ti padà sí Ọ̀yọ́ nígbà tí Ìyá Dúró pè mí lọ́dún tó kọjá. Dúró ọmọ wọn ń ṣe tíṣà ní Ọ̀yọ́ níbí, ó fẹ́ ra ilé. Wọ́n ní kí n wá wò ó.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ mú ẹlòmíì. Ojú ń tì mí."

Wọ́n ní, "Torí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ kó o wá. Àmọ́ àwàdà ò sí o."

A pàdé níbẹ̀, mi ò mọ ẹni tó ni ilé náà, mi ò mọ ẹni tó kọ́ ọ. Mo gbá gbogbo ògiri. Mo sún àpótí, mo sún bẹ́ẹ̀dì, mo sún fíríìjì. Nígbà tí a dé yàrá ẹ̀yìn, mo na ọwọ́ sínú àpò mi, kí n mú ìgò tèmi jáde. Ìyá Dúró ní, "Rárá." Wọ́n ṣí báàgì, wọ́n ti gbé tiwọn wá láti ilé. Wọ́n di ògiri mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ torí ẹsẹ̀ yẹn, wọ́n tẹ́ ìgò náà sáàárín yàrá, wọ́n fi í sílẹ̀.

Wọn ò wò ó. Ojú mi ni wọ́n ń wò.

Ìgò náà dúró síbi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé ojú kúrò lójú mi.